Kámẹ́rà Bàbá Rẹ àti Òkun Àgbádárìgì

Ìbéèrè tí àbúrò wa kan fi ránṣẹ́ láti Ìkòròdú nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi tó di olóògbé fi kámẹ́rà Pentax K1000 kan sílẹ̀. Inú àpò aláwọ rẹ̀ ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ẹbí wa fẹ́ lọ sí Àgbádárìgì lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejìlá. A ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù Gberefu, a ó rìn dé etí òkun, a ó sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ó wù mí kí n fi kámẹ́rà yìí ya ìyá mi àti àwọn àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní iyọ̀ òkun máa jẹ ẹ́ tán, àǹtí mi sì ní oòrùn máa jó fíìmù inú rẹ̀. Nọ́ńbà kékeré tó wà lórí rẹ̀ wà ní 19. Ṣé kí n gbé e lọ, àbí kí n kàn fi fóònù yà?”

Àbúrò mi, gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ìdí rẹ̀, jọ̀ọ́, bí kámẹ́rà náà bá wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ o. Nọ́ńbà 19 yẹn, tó ń ka iye fọ́tò tí wọ́n ti yà, ló mú mi dúró nínú lẹ́tà rẹ, ju ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti oòrùn lọ. Lórí K1000, ìgbàkígbà tí èèyàn bá ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, nọ́ńbà náà a padà síbẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣì dúró sí 19, a jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti lò ó kẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ó ṣeé ṣe kí fíìmù bàbá rẹ ṣì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán tí ojú ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Nọ́ńbà nìkan ò tó ẹ̀rí, nítorí ó lè máa lọ síwájú bí èèyàn bá ń fi kámẹ́rà òfìfo ṣeré. Ọ̀nà tí wàá fi mọ̀ dájú ni pé, ní apá òsì lórí kámẹ́rà, kókó róbótó kan wà tó ní ọwọ́ kékeré tó ká lé e lórí. Ṣí ọwọ́ náà sókè, kí o fi ìka méjì yí i díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Tó bá ń yí fàlàlà láìdúró, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tó bá yí díẹ̀, tó wá le mọ́ ẹ lọ́wọ́, fíìmù wà nínú rẹ̀.

Bí fíìmù bá wà, ká a padà kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bọ́tìnnì kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ kámẹ́rà, tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí o wá máa fi ọwọ́ kékeré yẹn ká a jẹ́jẹ́. Fíìmù tó ti pẹ́ a máa gbẹ, bí o bá fi agbára ká a, ó lè fà ya. Wàá máa gbọ́ ìró rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú, títí ọwọ́ á fi ṣàdédé fúyẹ́. Ká a díẹ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn, kí o tó fa kókó náà sókè láti ṣí ẹ̀yìn. Bó bá le débi pé kò yí mọ́, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbé e tọ onífọ́tò àgbà tó ṣì ní yàrá òkùnkùn tàbí àpò dúdú tí wọ́n fi ń tú fíìmù. Èyí tó bá jáde, fi sínú ike tó ní ìdérí, kọ “ti Bàbá” sí i lára, kí o gbé e síbi tútù. Wo ara rẹ̀. Bí o bá rí C-41 níbẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń fọ fíìmù aláwọ̀ ṣì ń fọ̀ títí dòní ni. Ìlànà yẹn ti wà láti ọdún 1972, K1000 sì jáde ní 1976, nítorí náà bó bá jẹ́ fíìmù aláwọ̀, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ òun. Sọ fún wọn pé ó ti pẹ́ gan-an. Ooru ọdún gbọọrọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù á ti ṣe é léṣe: àwọ̀ lè ti yí padà, àwòrán lè ṣú bàìbàì. Bí wọ́n bá ní àwọ̀ rẹ̀ ti kú, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fi kẹ́míkà fíìmù dúdú-funfun fọ̀ ọ́ láti wo ohun tó ṣẹ́kù. Mi ò lè ṣèlérí pé nǹkan kan á jáde. Mo ti rí èyí tó jáde tó pa ẹbí lẹ́kún, mo sì ti rí èyí tó jẹ́ pé òfìfo ni láti orí dé ìdí. Má ṣe fi ìyókù rẹ̀ ya ìrìn àjò tìrẹ. Ra fíìmù tuntun.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ wá kàn. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ pé iyọ̀ òkun ọ̀tá irin ni. Àwa tí a ń gbé Àgbádárìgì mọ̀ ọ́n lára páànù ilé wa, bí ilé bá ṣe sún mọ́ omi tó ni òrùlé rẹ̀ ṣe ń yára dípẹtà tó. Nígbà tí ìgbì bá fọ́ sí etí òkun, atẹ́gùn a gbé ìkán omi tó kéré ju ohun tí ojú lè rí wọ inú ìlú. Omi á gbẹ, iyọ̀ á kù. Iyọ̀ yẹn ló burú, nítorí òun fúnra rẹ̀ a tún máa fa ọ̀rinrin mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ lálaalẹ́, débi pé ara irin kì í gbẹ tán. Ṣùgbọ́n wo ohun tí mo sọ yẹn dáadáa: ìpẹtà ń fẹ́ àkókò. Wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin létí òkun kò tó láti ba K1000 jẹ́, níwọ̀n ìgbà tí omi òkun kò bá dà lé e lórí. Èyí tí iyọ̀ máa ń bà jẹ́ ni kámẹ́rà tí wọ́n gbé dé láti etíkun, tí wọ́n sọ sínú àpò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án títí di ọdún tó ń bọ̀.

Kí n sọ òótọ́ fún ọ, kọ́bọ́ọ̀dù ń bà mí lẹ́rù ju òkun lọ. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi kò rí etíkun rí, inú ilé ni wọ́n ti bàjẹ́. Awọ a máa fa ọ̀rinrin pa mọ́ra, ilé wa sì kún fún ooru àti ọ̀rinrin, nítorí náà lẹ́ǹsì tó bá pẹ́ nínú àpò aláwọ a máa bu, bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Yọ lẹ́ǹsì náà, fi òrùka rẹ̀ sí f/2 kí ojú rẹ̀ ṣí gbayawu (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí tó), gbé e sókè sí iná, kí o wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí o bá rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ funfun tó ya ẹ̀ka lójú gíláàsì, òun nìyẹn. Bó bá kéré, àwòrán á ṣì jáde, kò kàn ní dán tó bó ṣe yẹ. Bó bá ti bo gbogbo ojú rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n tú ni kó tú u fọ̀, má fi òwú àti sípírítì gbìyànjú rẹ̀ níta, torí inú ló wà. Lẹ́yìn ìyẹn, wo àyíká ẹnu ẹ̀yìn kámẹ́rà. Fóòmù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dí i kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé. Fóòmù yẹn kì í pẹ́ láyé, a máa yọ́ di ohun dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Fi igi tín-ín-rín tí a fi ń ta eyín kàn án, bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti kú. Oòrùn etíkun á gba ojú àlàfo yẹn wọlé, ìlà pupa tàbí ọsàn á sì máa kọjá lójú ìyá rẹ nínú fọ́tò. Ó ṣeé pààrọ̀, iṣẹ́ kékeré ni. Bí kò bá sáyè, fi téèpù dúdú àwọn oníná lẹ gbogbo etí ẹnu ọ̀nà náà lẹ́yìn tí o bá ti fi fíìmù sí i. Okùn ọrùn rẹ̀ náà ńkọ́? Awọ tó ti gbẹ a máa já láìsọ tẹ́lẹ̀. Pààrọ̀ rẹ̀ kí o tó gbé kámẹ́rà náà gun ọkọ̀ ojú omi.

Ṣọ́tà, ìyẹn ohun tó ń ṣí fìrí láti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan fíìmù, ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù, nítorí ohun kan tí àwọn tó ń gbé kámẹ́rà àtijọ́ lọ sétí òkun kì í rò. Aṣọ dúdú méjì ló wà nínú K1000 tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ara wọn kọjá níwájú fíìmù. Ọ̀rá tó wà lára àwọn ohun tó ń fà wọ́n ti lè dì látàrí àìlò. Bí aṣọ kejì bá yára lé ti àkọ́kọ́ bá, apá kan fọ́tò á dúdú. Ìyára gíga, 1/500 àti 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, ni àìsàn yìí ti máa ń hàn, ìyára gíga yìí gan-an sì ni oòrùn etíkun máa ń fi èèyàn sí. Nítorí náà, lẹ́yìn tí o bá ti yọ fíìmù bàbá rẹ, ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, kọjú lẹ́ǹsì sí ojú sánmọ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí oòrùn, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní 1/1000. Ìmọ́lẹ̀ fìrí kan ló yẹ kí o rí, kó kún gbogbo fèrèsé náà láti òsì dé ọ̀tún. Bí apá kan bá ṣú, máà lo ìyára yẹn. Gbìyànjú 1/250 àti 1/125 bákan náà. Tẹ̀ ẹ́ léraléra fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́ kí ìrìn àjò tó dé. Ọ̀rá tó dì a máa rọ̀ díẹ̀. Láti inú lẹ́tà, mi ò lè mọ bí ìyára rẹ̀ ṣe péye tó, ojú lásán kò sì lè sọ ìyẹn fún ọ. Fíìmù ìdánwò nìkan ló lè sọ ọ́. Ra méjì, kí o fi ọ̀kan ya ilé, ọjà àti àwọn ará àdúgbò lọ́sàn-án, kí o fọ̀ ọ́ kí oṣù Kejìlá tó dé. Ó ń dunni láti náwó sí fíìmù ìdánwò, mo mọ̀, torí fíìmù ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí gbogbo ẹbí péjọ kọ́ ni ọjọ́ tí à ń dán irinṣẹ́ wò.

Àǹtí rẹ ní oòrùn á jó fíìmù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n pa pọ̀. Àwọn kámẹ́rà kan wà tí kò ní dígí nínú, bíi Leica àtijọ́, tí aṣọ ṣọ́tà wọn kọjú sí lẹ́ǹsì gbangba. Bí wọ́n bá gbé irú wọn kalẹ̀ tí lẹ́ǹsì sì kọjú sí oòrùn, oòrùn lè lu aṣọ náà ní ihò. K1000 ní dígí tó dúró níwájú ṣọ́tà, ìyẹn kò kàn ọ́. Ojú tìrẹ ni kí o ṣọ́ra fún. Má ṣe gba inú kámẹ́rà wo oòrùn láéláé. Èkejì ni ooru. Ooru kì í jó fíìmù, ṣùgbọ́n ó máa ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, inú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa sínú oòrùn sì ni ibi tó burú jù láti fi í sí. Máa gbé báàgì náà dání, kó wà lábẹ́ ibòji. Bí o bá tọ́jú fíìmù tuntun sínú fíríìjì, gbé e jáde láti alẹ́ àná, má sì ṣí ike rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí omi má baà sé sí i lára. Kámẹ́rà náà bẹ́ẹ̀: bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ láti Ìkòròdú, tí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sínú ooru Àgbádárìgì, ojú lẹ́ǹsì á bò fún omi lójú ẹsẹ̀. Má nù ún. Fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú báàgì tó pa dé fún bí ìdajì wákàtí, kí ara rẹ̀ fi lọ́ wọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ń ba fọ́tò etíkun jẹ́ ju iyọ̀ àti oòrùn lọ ni mítà, ìyẹn ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Bí o bá gba inú K1000 wò, abẹ́rẹ́ kékeré kan wà ní apá ọ̀tún tó ń lọ sókè sódò. Bátìrì róbótó kan tí wọ́n ń pè ní LR44 tàbí SR44 ló ń gbé e, àwọn tó ń tún aago ṣe ní i. Fi owó wẹ́wẹ́ ṣí ìdérí rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá ti ṣẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tó fi nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé sílẹ̀, fi òwú tó mu ọtí kíkan díẹ̀ nù ún, kí o wá fi sípírítì nù ún gbẹ. Mítà yìí kò ní ibi tí a ti ń pa á, máa fi ìdérí bo lẹ́ǹsì bí o kò bá lò ó. Bí bátìrì bá tilẹ̀ kú, ìyókù kámẹ́rà náà á ṣì ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀ títí di 1997, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ fọ́tò sì fẹ́ràn rẹ̀. Àbùkù mítà náà ni pé kò mọ ojú ìyá rẹ yàtọ̀ sí iyanrìn. Gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń ṣírò pọ̀, ó sì máa ń fẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ bọ́ sí agbede-méjì dúdú àti funfun. Létí òkun, omi ń tàn, iyanrìn ń tàn, ojú ọ̀run ń tàn. Abẹ́rẹ́ á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, wàá gbọ́ràn sí i lẹ́nu, wàá pa lẹ́ǹsì dé. Nígbà tí fọ́tò bá jáde, òkun á rẹwà, gèlè á yọ, ṣùgbọ́n ojú tó wà lábẹ́ gèlè á ṣú biribiri.

Oògùn rẹ̀ rọrùn. Sún mọ́ ìyá rẹ títí ojú wọn á fi kún inú kámẹ́rà, kí o rí i pé òjìji rẹ kò bọ́ sí wọn lára. Yí òrùka lẹ́ǹsì tó ní nọ́ńbà f títí abẹ́rẹ́ á fi dúró sí àárín. Wá padà sẹ́yìn síbi tí o fẹ́ dúró sí, yà á pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, bí abẹ́rẹ́ bá tilẹ̀ fò sókè tó ń sọ pé o ṣàṣìṣe. Àwọ̀ wọn lè mọ́ díẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Bí wọ́n bá dúdú dáadáa tí o sì fẹ́ kí dúdú wọn yọ bó ṣe jẹ́, pa lẹ́ǹsì dé nọ́ńbà kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onífọ́tò àtijọ́ tún ní òfin kan tí kò nílò bátìrì rárá. Lọ́sàn-án tí oòrùn ń ràn kanlẹ̀, fi lẹ́ǹsì sí f/16, kí ìyára ṣọ́tà sún mọ́ nọ́ńbà ASA tó wà lára fíìmù rẹ, èyí tó ń sọ bó ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí: fíìmù 200, 1/250. Ìwé á ní lórí iyanrìn tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà, kí o pa á dé f/22. Bó bá jẹ́ òkun nìkan lo fẹ́ yà, ó dáa. Bó bá jẹ́ ojú ènìyàn, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Èmi á lo f/11 fún ẹni tó kọjú sí oòrùn, f/5.6 fún ẹni tó wà lábẹ́ òjìji igi àgbọn, láìyí ìyára padà. Fíìmù nẹ́gátíìfù aláwọ̀ a máa gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀ láìbàjẹ́. Èyí tí kò tó ni kò ní àtúnṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o ra 200, irú Kodak Gold 200, dípò 400. Pẹ̀lú 200, wàá lè dúró sí 1/250 láìsá tọ 1/1000 tí mo ní kí o fura sí.

Mo ń tẹnu mọ́ ojú nítorí ó ti pẹ́ tí ìyà ti ń jẹ ojú aláwọ̀ dúdú nínú iṣẹ́ fọ́tò aláwọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò, kí wọ́n lè fi tún àwọ̀ ẹ̀rọ wọn ṣe, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá tún ṣe bá awọ ara tirẹ̀ mu kò ní mọ ohun tó máa ṣe sí tiwa. Nínú álíbọ́ọ̀mù ilé ọ̀pọ̀ wa, ẹ ó rí ìyàwó tí aṣọ rẹ̀ ń tàn, tí eyín àti ẹyinjú nìkan sì ń yọ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi awọ ara wa. Lóde òní tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbé nẹ́gátíìfù sórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń ṣe é lè tún un ṣe, bí o bá sọ fún un pé ojú ni kó wò, kó má wo iyanrìn.

Nípa oòrùn Àgbádárìgì fúnra rẹ̀, mọ èyí kí ẹ tó kúrò nílé. Etíkun wa lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, òkun sì wà ní gúúsù. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán kì í wà ní àtàrí gangan, ó máa ń tẹ̀ sí ọ̀nà gúúsù, ìyẹn ni pé apá òkun ló wà. Bí o bá ní kí ẹbí kẹ́yìn sí òkun lágogo méjìlá kí omi lè hàn lẹ́yìn wọn, ẹ̀yìn orí wọn ni oòrùn ń ràn sí, ojú wọn á wà nínú òkùnkùn. Jẹ́ kí wọ́n kọjú sí òkun, kí igi àgbọn wà lẹ́yìn wọn. Bí o bá fẹ́ òkun lẹ́yìn wọn dandan, ṣí lẹ́ǹsì dé f/5.6, kí o gbà pé omi á funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin, oòrùn á bọ́ sí apá ìwọ̀ oòrùn, á máa gba ẹ̀gbẹ́ ràn sí èèyàn, àkókò yẹn ló dára jù. Ẹ má retí pé oòrùn á wọ̀ tààrà níwájú ẹni tó kọjú sí òkun. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló máa ń wọ̀ sí nínú oṣù Kejìlá, lójú omi. Ọyẹ́ sì lè ti dé nígbà yẹn. Bí kùrukùru ọyẹ́ bá bo oòrùn débi pé òjìji kò mú mọ́, ṣí lẹ́ǹsì nọ́ńbà kan sí i.

Ilé ni kí o ti fi fíìmù sínú kámẹ́rà, má ṣe dúró dìgbà tí ẹ bá dórí iyanrìn. Lẹ́yìn tí o bá ti fi ẹnu fíìmù há inú kókó apá ọ̀tún, tí o sì ti pa ẹ̀yìn dé, ká ọwọ́ kékeré ti apá òsì díẹ̀ kí fíìmù le. Wá fa ọwọ́ ìfàsíwájú, kí o máa wo kókó apá òsì yẹn. Ó gbọ́dọ̀ máa yí padà bí o ṣe ń fà. Bí kò bá yí, fíìmù ò há dáadáa, o lè ya gbogbo ọjọ́ náà tán láìsí ẹyọ kan lórí rẹ̀, nọ́ńbà òkè á sì máa sọ fún ọ pé ohun gbogbo ń lọ déédéé. Ra oní-36, kó má sídìí tí wàá fi ṣí kámẹ́rà lọ́hùn-ún. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo tó bá wọ ẹ̀yìn rẹ̀ á fa ìlà tó gùn láti fọ́tò àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níbẹ̀ náà.

Nínú ọkọ̀ tó ń sọdá ọ̀sà, fi kámẹ́rà sínú láílọ́ọ̀nù méjì tí o dì lẹ́nu, kó wà nínú báàgì lórí itan rẹ, kí gbogbo yín sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Fóònù ni kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Gberefu, ẹ ó rin ọ̀nà oníyanrìn kọjá kànga tí wọ́n sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí ẹ tó dé ibi tí òkun wà. Ibi ìbànújẹ́ ni, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mú yín kiri kí o tó ya ohunkóhun, má sì yára. Bí ẹ bá padà sínú ìlú tí ilẹ̀ ò tíì ṣú, ojú ìta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ ní 1845, dára púpọ̀ fún ẹbí láti dúró sí. Inú ilé ṣókùnkùn jù fún fíìmù 200 láìsí iná. Létí òkun, jìnnà sí ibi tí ìgbì ń dé. Òkun wa lágbára, ó ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀, ẹni tó bá sì gbájú mọ́ inú kámẹ́rà kì í mọ ìgbà tí omi dé.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ó já sínú omi òkun, mi ò ní tàn ọ́: ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í yè. Yọ bátìrì lójú ẹsẹ̀, fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn án dáadáa, kí o sì gbé e dé ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe lọ́jọ́ náà. Títì í mọ́ inú ìrẹsì kò wúlò, iyọ̀ ò ní jáde nípa bẹ́ẹ̀. Owó àtúnṣe rẹ̀ sábà máa ń ju owó kámẹ́rà mìíràn lọ. Bó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ kò lè gba irú àdánù yẹn rárá nítorí pé ti bàbá rẹ ni, kò sí ohun tó burú nínú kí o fi í ya ìyá rẹ nínú ìlú Àgbádárìgì, kí o sì lo fóònù nìkan ní òdìkejì omi. Èmi ní tèmi á gbé e sọdá. Fóònù á ya púpọ̀, á yà á kíá, kò sí ìbẹ̀rù. Lò ó pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ mọ kámẹ́rà yẹn. Ojú tí wọ́n máa fi wo ọmọ wọn tó gbé e dání, fóònù ò lè rí i gbà lójú wọn.

Alẹ́ ọjọ́ náà, bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó, má sùn kí o tó tọ́jú rẹ̀. Kọ́kọ́ fẹ́ iyanrìn kúrò lára rẹ̀ kí aṣọ tó kàn án rárá, nítorí iyanrìn tí a bá fi aṣọ nù a máa họ gíláàsì. Ròbá kékeré tí wọ́n fi ń fa kelebe nímú ọmọ ìkókó, èyí tó tuntun tó sì gbẹ, ṣiṣẹ́ yìí dáadáa. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bá a lọ. Lẹ́yìn náà, fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mu omi mímọ́ díẹ̀, tí o ti fún gbẹ, nu gbogbo ara irin rẹ̀, pàápàá àyíká bọ́tìnnì àti abẹ́ òrùka lẹ́ǹsì, kí o wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Má dá a padà sínú láílọ́ọ̀nù tàbí àpò aláwọ. Gbé e sórí pẹpẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tàbí sínú ike tó pa dé pẹ̀lú àwọn àpò wẹ́rẹ́ tó ń fa omi, irú èyí tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun.

Gbé fíìmù lọ fọ̀ láìpẹ́, má jẹ́ kó wọnú ọdún tuntun sínú kámẹ́rà. Àwọn tó ń fọ̀ ọ́ kò pọ̀ mọ́ ní Èkó, àwọn kan máa ń kó o jọ títí á fi pọ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, nítorí náà béèrè iye ọjọ́ tó máa gbà kí o tó fi í sílẹ̀. Sọ fún wọn pẹ̀lú pé nẹ́gátíìfù ni o fẹ́ gbà padà, kì í ṣe àwòrán orí fóònù nìkan, kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì rẹ. Lọ gbà á kí oṣù kan tó pé, torí ọ̀pọ̀ wọn máa ń da èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá wá béèrè nù.